Ọgbọ́n ìbánilò kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọ̀gá HR

Ẹ̀yin ọ̀gá HR, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò tréníńgì fún àwa òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ ńlá àti kékeré,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé ìwé tó wà lórí tábìlì yín ti pọ̀ jù, torí náà mi ò ní fi ìkíni gígùn dá yín dúró. Ní gbogbo ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, àti ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu yín báyìí: AI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ẹni ń ronú, ti dé, iṣẹ́ ti ń yí padà, ẹni tó bá fẹ́ wúlò lọ́la àfi kó ní human skills, ìyẹn ọgbọ́n ìbánilò, kéèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń fetí sílẹ̀, kó lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kó yéni, kó lè parí aáwọ̀, kó sì máa ronú dáadáa kó tó gba ohun tí ẹ̀rọ bá sọ fún un. Ẹ ó wá pè wá sí sẹ́mínà ọjọ́ kan. Ẹnì kan tí a ò rí rí á dúró síwájú wa, á máa ṣí slide kan tẹ̀lé òmíràn, a ó ṣeré díẹ̀, a ó ya fọ́tò, a ó gba sàtífíkéètì, ó di ọjọ́ Mọ́ńdè, máníjà tó máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu èèyàn ṣì ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu èèyàn.

Ẹ má bínú, mi ò kọ̀wé láti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ẹ sọ pé a nílò yẹn, òótọ́ ni. Ọ̀nà tí ẹ ń gbà wá a ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, èyí tó sì tún burú jù ni pé bí ẹ ṣe ń fi ọwọ́ kan ra sẹ́mínà, ọwọ́ kejì ń gé àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí òṣìṣẹ́ tuntun fi ń kọ́ ọgbọ́n yẹn gan-an. Ẹjọ́ tí mo gbé wá nìyẹn.

Kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn yín ná. Ní 2017, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan ní yunifásítì Harvard, David Deming, gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde lórí iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà láti 1980 sí 2012. Ohun tó rí ni pé àwọn iṣẹ́ tó gba kéèyàn máa bá èèyàn ṣe wọléwọ̀de gan-an, ìpín tí wọ́n kó nínú gbogbo iṣẹ́ fi nǹkan bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún ròkè, nígbà tí àwọn iṣẹ́ tó jẹ́ ìṣirò nìkan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní èèyàn nínú ń dín kù. Àwọn tó ń ríṣẹ́ tó lówó lórí jù ni àwọn tó mọ ìṣirò tí wọ́n sì tún mọ èèyàn í bá lò, méjèèjì pọ̀ o. Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé tí o bá ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, o ò nílò láti mọ iṣẹ́ rẹ mọ́. Irọ́ ni jàre.

Ọ̀rọ̀ ATM náà wà níbẹ̀ tí gbogbo èèyàn máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 1967 ni báńkì Barclays gbé ẹ̀rọ tó ń pọwó àkọ́kọ́ síta ní London, àwọn èèyàn sì rò pé iṣẹ́ kàṣíà ti tán nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ATM kún ìgboro ní àwọn ọdún 1990, iye kàṣíà ò dín kù rárá, torí pé ẹ̀ka báńkì kan kò nílò kàṣíà púpọ̀ mọ́, owó tí wọ́n fi ń ṣí ẹ̀ka tuntun wálẹ̀, báńkì wá ń ṣí ẹ̀ka sí i, àwọn kàṣíà sì kúrò lẹ́ni tó ń ka owó, wọ́n di ẹni tó ń jókòó ti oníbàárà, tó ń gbọ́ ohun tó ń dà á láàmú. Ìtàn tó dùn nìyẹn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe sẹ́mínà fún yín máa ń bá a dé. Wọn kì í sọ èyí tó kù. Nígbà tí báńkì bọ́ sórí fóònù, tí èèyàn ò ní nǹkan tó ń gbé e dé ẹ̀ka mọ́, iye àwọn kàṣíà wá ń já wálẹ̀ lóòótọ́. Torí náà ẹ má ṣèlérí fún òṣìṣẹ́ pé tó bá ti lè rẹ́rìn-ín sí oníbàárà, kò sí ohun tó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n ìbánilò máa ń fún èèyàn láyè láti bọ́ sórí iṣẹ́ míì ni, kò lè di ilẹ̀kùn mú kí àyípadà má wọlé.

Ó dáa. Tó bá wá ṣe pàtàkì tó báyìí, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ? Àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ́ni jù kò sí ní gbọ̀ngàn tí ẹ ń gbà fún sẹ́mínà. Inú iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n wà, ojú wọn sì rí màbo kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Ní December 28, 1978, ọkọ̀ òfurufú United Airlines 173 fẹ́ balẹ̀ ní Portland ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n ṣe ń já ẹsẹ̀ ọkọ̀ sílẹ̀, nǹkan dún gbàmù, iná tó yẹ kó fi hàn pé ẹsẹ̀ ti jáde dáadáa kò sì tàn. Ọ̀gá páílọ́ọ̀tì wá ń yípo lójú ọ̀run fún bíi wákàtí kan, ó ń wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó ń mú kí wọ́n múra àwọn èrò sílẹ̀, epo sì ń tán lọ. Àwọn méjì tó jókòó tì í níwájú níbẹ̀ mọ̀ pé epo ń tán. Wọ́n tiẹ̀ mẹ́nu bà á. Ṣùgbọ́n wọ́n rọra sọ ọ́ ni, wọ́n sọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe máa ń bá ọ̀gá tó mọṣẹ́ jù ú lọ sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó là á mọ́lẹ̀ pé ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká balẹ̀ báyìí báyìí, epo yìí ò ní gbé wa délé. Epo tán. Ọkọ̀ já lulẹ̀ kó tó dé pápákọ̀, èèyàn 10 kú nínú 189 tó wà nínú ẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ lára ọkọ̀ yẹn kò tó ohun tó ń pa èèyàn o, wọn ì bá balẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀gá kò kíyè sí epo, àwọn tó kù náà kò sì sọ ohun tí wọ́n rí lọ́nà tó lè wọ̀ ọ́ létí.

Ẹ rò ó wò, tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tèmi tàbí tiyín ni, kí la máa ṣe? A máa pe sẹ́mínà lórí communication, ó parí.

Ohun tí wọ́n ṣe kọ́ nìyẹn. NASA, àjọ òfurufú ìjọba Amẹ́ríkà, pe àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú jọ ní 1979 lórí ọ̀rọ̀ yìí, United sì bẹ̀rẹ̀ ètò tiwọn ní 1981, èyí tí wọ́n wá ń pè ní CRM (Crew Resource Management), ìyẹn bí àwọn tó jọ ń wa ọkọ̀ ṣe máa lo ọgbọ́n ara wọn. Wọ́n kó ọ̀gá àtọmọ iṣẹ́ pọ̀ sínú simulator, ẹ̀rọ ìdánrawò tó dà bí iwájú ọkọ̀ òfurufú, wọ́n dá wàhálà sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀, wọ́n ń ká wọn sórí fídíò, lẹ́yìn náà gbogbo wọn jọ jókòó, wọ́n wo ara wọn: ibi tí ìwọ ti rí nǹkan tí o dákẹ́ rèé, ibi tí ọmọ iṣẹ́ ti fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin ọ̀gá pa á lẹ́nu mọ́ rèé. Wọ́n kọ́ ọmọ iṣẹ́ bó ṣe máa sọ̀rọ̀, wọ́n sì kọ́ ọ̀gá bó ṣe máa gbọ́ ọ, èyí tí mo gbà pé ó le jù nínú méjèèjì. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà o, ọdọọdún ni wọ́n ń padà sí i, bí wọ́n ṣe ń padà sí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì.

Ní July 1989, ọkọ̀ United míì, 232, ẹ́ńjìnnì tó wà ní ìrù rẹ̀ fọ́ lójú ọ̀run, ó sì ba gbogbo ohun tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ jẹ́ pátápátá, ohun tí wọ́n gbà pé kò lè ṣẹlẹ̀. Páílọ́ọ̀tì míì tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní irú ọkọ̀ yẹn wà láàárín èrò, ó ní òun lè ràn wọ́n lọ́wọ́, ọ̀gá páílọ́ọ̀tì, Al Haynes, kò sọ pé ta ni ẹ́, ó gbà á síwájú, ó ní kó máa bá wọn di ọwọ́ agbára ẹ́ńjìnnì tó kù mú. Àwọn mẹ́rin jọ ń gbèrò, wọ́n jọ ń dán an wò, títí wọ́n fi gbé ọkọ̀ tí kò ṣeé darí yẹn dé pápákọ̀ Sioux City. Èèyàn 112 kú níbẹ̀, ó bani nínú jẹ́, ṣùgbọ́n 184 yè. Haynes fúnra rẹ̀ lo ìyókù ayé rẹ̀ láti máa sọ fáwọn èèyàn pé ẹ̀kọ́ CRM yẹn wà lára ohun tó yọ wọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ọgbọ́n ìbánilò la ń wí yẹn. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́. Wọ́n kọ́ ọ lórí iṣẹ́ gan-an, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ẹnì kan tó ń wò wọ́n tó sì máa sọ ohun tó rí fún wọn, lẹ́yìn náà wọ́n tún un ṣe. Ẹ bá mi wo sẹ́mínà yín, èwo ló wà níbẹ̀ nínú ìwọ̀nyí?

Àwọn dókítà náà yá nínú ẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìwé àyẹ̀wò kan jáde fún iṣẹ́ abẹ ní 2008, lára ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan aláìsàn, kí kálukú tó wà nínú yàrá yẹn sọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó wá ṣe. Wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn 8 ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kúrò ní 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó bọ́ sí 0.8. Mi ò sọ pé orúkọ tí wọ́n dá nìkan ló ṣe é o, ọ̀rọ̀ oògùn àti ìṣọ́ra míì wà nínú ìwé yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ létí gbogbo èèyàn, ó máa ń rọrùn fún un láti tún lanu tí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́. Ìṣẹ́jú mélòó nìyẹn gbà? Kò sí gbọ̀ngàn, kò sí sàtífíkéètì.

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbé náà, kí n fẹnu bà á díẹ̀. Láti 1885 ni Hermann Ebbinghaus ní Jámánì ti gbé ìdánwò tó fi ara rẹ̀ ṣe jáde, ó há àwọn ọ̀rọ̀ játijàti sórí, ó rí i pé kó tó di ọjọ́ kejì, èyí tó pọ̀ jù ti fò lọ, àfi tó bá ń padà sí i. Ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ ló ń há sórí lóòótọ́, ẹ̀yin náà lè ní ti sẹ́mínà yàtọ̀. Mo ti rí slide tó jọ ọ́.

Ibi tó ń dùn mí jù ni mo fẹ́ dé báyìí. Nígbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́, iṣẹ́ wo lẹ máa ń gbé fún un? Kó wá kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Kó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ọ̀gá máa wá tún ṣe. Kó gbé fóònù oníbàárà tó ń bínú. Kó ka ìwé rẹpẹtẹ kó sọ kókó inú ẹ̀. Gbogbo wa la máa ń ráhùn sí iṣẹ́ yẹn, a ní iṣẹ́ ẹrú ni. Àṣé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹni tó ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ló ń rí bí ọ̀gá méjì ṣe ń jiyàn tí wọn ò jà, ó ń rí bí ẹnì kan ṣe ń sọ pé "a ó wò ó" tó sì jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń wí. Ẹni tí wọ́n tún lẹ́tà rẹ̀ ṣe títí ló wá mọ̀ pé gbólóhùn kan lè mú kéèyàn bínú tàbí kó rọlẹ̀. Ẹni tí oníbàárà ti bú lórí fóònù ló mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ kí ìbínú yẹn kọjá kí wọ́n tó dáhùn.

Iṣẹ́ wọ̀nyẹn ni AI kọ́kọ́ gbà, láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní November 2022 la ti ń rí i, ẹ̀rọ ló ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé báyìí, ẹ̀rọ ló ń kọ lẹ́tà, ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ dá oníbàárà lóhùn. Mi ò bá ẹ̀rọ jà, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn olùwádìí kan rí nílé iṣẹ́ kan tó ń ta sọ́fúwíà, níbi tí wọ́n ti gbé AI fún àwọn kan lára òṣìṣẹ́ tó ń dá oníbàárà lóhùn, tí wọ́n sì wo iṣẹ́ àwọn tó lé ní 5,000. Iṣẹ́ àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà yára sí i, nǹkan bíi 15 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló jèrè jù, tiwọn tó nǹkan bí 30, àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan kan jèrè. Kí ló dé? Torí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó mọṣẹ́ jù ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ yẹn. Bí àwọn yẹn ṣe ń tu oníbàárà lára, ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi í, ẹ̀rọ kó gbogbo ẹ̀, ó ń sọ ọ́ sétí àwọn tuntun. Ó dáa fún àwọn tuntun lónìí, mi ò lè purọ́. Àmọ́ àwọn àgbà tó ní ọgbọ́n yẹn, orí ìnira ni wọ́n ti kó o jọ, ọdún lọ ọdún bọ̀. Tí gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá ń ka ohun tí ẹ̀rọ kọ sójú kọ̀ǹpútà, ní ọdún mẹ́wàá sí i, ta ni yóò di àgbà tí ẹ̀rọ tuntun máa kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Àwọn àgbà á ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn.

Ẹ sì máa nílò wọn o. Ilé iṣẹ́ Klarna ní Sweden kéde ní 2024 pé AI àwọn ń ṣe iṣẹ́ òṣìṣẹ́ 700 tó ń dá oníbàárà lóhùn, kó tó di àárín 2025 ọ̀gá wọn ti ń sọ pé àwọn máa gba èèyàn sí i, kí oníbàárà lè rí èèyàn bá sọ̀rọ̀ nígbà tó bá fẹ́. Ní New York ní 2023, àwọn lọ́yà kan gbé ìwé lọ sílé ẹjọ́, àwọn ẹjọ́ tí ChatGPT hùmọ̀ ló kún inú ẹ̀, ẹjọ́ tí kò wáyé rí, adájọ́ ní kí wọ́n san 5,000 dọ́là. Lọ́yà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ gan-an ló gba ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gbọ́ níbẹ̀ o, kì í ṣe ọmọdé. Ká máa bi ẹ̀rọ léèrè pé "ibo lo ti rí i," ó gba kéèyàn ti mọ bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn bẹ́ẹ̀ láìsí ìtìjú.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ sọ fún yín kí n tó gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ariwo ní ọgbọ́n ìbánilò. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe àyẹ̀wò òṣìṣẹ́, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jù nínú ìpàdé lẹ máa ń fún ní máàkì, ẹni jẹ́jẹ́ tí gbogbo wa máa ń sá tọ̀ lọ tí iṣẹ́ bá ta kókó, tó máa fara balẹ̀ gbọ́ wa, tó máa bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí ojú wa á là, ẹ máa ń kọ ọ́ sí i lára pé "kó máa dá sí ọ̀rọ̀." Ó ti ń dá sí i. Ẹ ò sí níbẹ̀ ni.

Àwa òṣìṣẹ́ náà ní tiwa o. Àwọn kan lára wa, tí wọ́n bá ti tọ́ wọn sọ́nà, wọ́n á ní wọ́n ń bá àwọn jà. Àwọn míì ò lè bá ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sọ̀rọ̀, orí chat ni wọ́n máa kọ ọ́ sí. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ yín, àwa la máa ṣe é.

Èyí tó wà lọ́wọ́ yín rèé. Owó sẹ́mínà yẹn, ẹ má fagi lé e, ẹ yí ojú ẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa jókòó sínú ìpàdé tó le, ìpàdé tí oníbàárà ti fẹ́ lọ, tàbí tí ẹ̀ka méjì ń bá ara wọn fà á, kí ẹni tó mú wọn wọlé sì dúró dè wọ́n lẹ́yìn ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: kí lo rí, kí lo rò pé mo ṣe tí kò dáa, ìwọ ì bá ti ṣe é báwo? Tí AI bá kọ ìwé, kò burú, ẹ jẹ́ kí ọmọ tuntun yẹn ló máa gbé e wá síwájú èèyàn, kó máa gbèjà gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀, kó lè mọ èyí tó gbà àti èyí tí kò gbà. Ẹ fi í sílẹ̀ kó gbé fóònù díẹ̀ láìsí ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ sí i létí, kí ẹnì kan ṣá wà nítòsí. Àwọn àgbà tó bá ń kọ́ni, ẹ kà á mọ́ iṣẹ́ wọn, ẹ dín nǹkan míì kù fún wọn, torí bó ṣe wà báyìí, ẹni tó bá fi wákàtí kan kọ́ èèyàn, wákàtí yẹn ti sọ nù nínú àkọsílẹ̀ yín, ó wá dà bíi pé ó ń ṣọ̀lẹ.

Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn máníjà. Amy Edmondson, tó ń kọ́ni ní Harvard, ṣe ìwádìí kan nílé ìwòsàn ní àwọn ọdún 1990, ó rò pé àwọn ikọ̀ tó dáa jù ló máa ní àṣìṣe tó kéré jù nínú ọ̀rọ̀ oògùn, òdìkejì ló rí, àwọn gan-an ni àṣìṣe wọn pọ̀ jù nínú ìwé. Ìgbà tó túbọ̀ wò ó ló mọ̀ pé àwọn yẹn kì í fi tiwọn pamọ́, wọ́n lè sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá wọn. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá ti máa ń fi ojú èèyàn gbolẹ̀ tó bá sọ pé nǹkan ò lọ bó ṣe yẹ, ẹ lè ṣe sẹ́mínà ogójì níbẹ̀, ẹnu àwọn èèyàn ò ní là. Wọ́n máa kọ ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ dáadáa, wọ́n á sì máa dákẹ́ lọ.

Mo gbọ́ pé àwọn kan lára yín ti ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀. Kí ẹ tó tún fi íméèlì ránṣẹ́ pè wá sí sẹ́mínà míì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn ìbéèrè kan fún wa nínú íméèlì yẹn: tí a bá padà dé ìdí iṣẹ́ wa lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ta ni yóò máa wò wá, ta ni yóò sì máa sọ ohun tó rí fún wa? Ẹ kọ orúkọ onítọ̀hún síbẹ̀. A ó wá.

Èmi ni tiyín,
òṣìṣẹ́ kan tó ṣì fẹ́ máa kọ́ṣẹ́